Ojú Yín Lórí Wàláà

Bàbá mi, Àáfà mi tí mi ò rí mọ́,

Mo kí yín láti Ìkàrẹ́. Màmá wà, àmọ́ ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Àwọn ọmọ kéú yín ti tú ká. Èmi ṣì ń ya àwòrán èèyàn, iṣẹ́ tó bà yín nínú jẹ́.

Ẹ kì í wọ yàrá mi. Ẹnu ọ̀nà lẹ ó dúró sí, ẹ ó kẹ̀yìn sí gbogbo ojú tí mo yà. Ẹ gbà pé lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, Ọlọ́run á ní kí n mí ẹ̀mí sí wọn, mi ò sì ní lè ṣe é. Ìbẹ̀rù yìí náà ni kò jẹ́ kí ẹ ya fọ́tò rí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà, ọmọdé ló ń ṣe mí.

Lẹ́yìn fìdáù ogójì ọjọ́ yín, mo fẹ́ yà yín. Gbogbo ọ̀dà tí mo rà lọ́jà ni mo pò pọ̀, kò dúdú tó yín. Adúmáadán ni yín, ọ̀dà wọ̀nyẹn sọ yín di aláìsàn. Ni mo bá bu tàdáà tí ẹ fi ń kọ̀wé, èyí tó kù nínú ìgò yín, mo fi yà yín sórí wàláà tí ẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Bàbá, ẹ jáde! Ètè yín tó máa ń mì láìsí ohùn, ó wà níbẹ̀. Mo sunkún. Mo gbé yín ti ògiri kí ẹ gbẹ, mo sáré lọ pe ẹ̀gbọ́n mi tó lọ́kọ sí Ọ̀kà kó wá wò yín.

Kí a tó dé, Màmá ti fọ̀ yín. Dúdú tàdáà ni wọ́n rí, wọ́n rò pé ẹsẹ Kùránì tí ẹ kọ gbẹ̀yìn ni. Ṣebí a kì í fi wàláà tí a ti kọ̀wé sí sílẹ̀ kí eruku bò ó. Wọ́n fi omi ṣàn án sínú abọ́, wọ́n mu ún bí a ti ń mu hàǹtú, wọ́n ṣe àmín. Inú wọn ń dùn pé àwọn tún rí àdúrà yín mu. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn?

Mi ò sọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbìyànjú láti tún yà yín, ojú yín ò wá mọ́. Ààmì tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ yín, ṣé ọ̀tún ni àbí òsì? Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀. Kò dá Màmá náà lójú. Tàdáà ti tán, ẹ ò sì kọ́ mi bí a ṣe ń sè é. Kí ló dé tí mi ò bi yín?

Mo ti jókòó wo ojú àwọn àlejò títí ilẹ̀ fi ṣú, kí n lè yà wọ́n. Ẹ̀yin tí a jọ ń gbé, mi ò wò yín dáadáa.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.