Epo Tí Ọkọ̀ Mi Kò Ní Mu Mọ́

Olóòtú ètò rédíò wa, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú wa. Ẹ́ńjìnnì háíbírìdì ni èyí tí epo bẹntiróòlù àti iná bátìrì jọ ń gbé ọkọ̀ rìn. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, bátìrì á kó agbára tí ì bá ṣòfò pamọ́. Dókítà màlúù ni mí ní Montana ní Amẹ́ríkà, mo sì fẹ́ fi irú rẹ̀ pààrọ̀ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù mi. Ọ̀nà oko kún fún géètì tí mo ń dúró ṣí, nítorí náà epo mi yóò dín kù gan-an.

Àmọ́ láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ilé epo obìnrin kan tó ń jẹ́ Marlys nìkan ni wọ́n ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti dé, á ní:

"Dókítà, ọkọ̀ ọ̀mùtí yín tún ti mu epo gbẹ? Ẹ wọlé wá mu kọfí, ó ti ń korò dè yín láti àárọ̀."

Nígbà tí mo sọ ti háíbírìdì fún un, ó nu káúńtà títí. "Ó dáa. Ẹ ó kàn máa kọjá lọ nìyẹn."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n rà á? Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tiyín, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ ti ń dúró lójú ọ̀nà, àti ẹni tó ń dúró dè yín níbẹ̀.