Ẹ̀rọ Ní Mo Jókòó Jù

Adja-Ouèrè,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìíní, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ràzákì,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ẹ kú ọyẹ́ Parakou o. Ara wa le níbí. Orúnkún Ìyá ti fúyẹ́, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń lọ sọ́jà báyìí. Alihamudulilahi.

Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi. Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, mi ò sì fẹ́ dà yín lọ́kàn rú. Wọ́n ti gbà mí padà, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé oko dé oko ni mò ń lọ, tí mò ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn. Ilé-iṣẹ́ fún wa ní fóònù tó ń ṣọ́ ibi tí a bá wà. Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀rọ̀ yọ lórí rẹ̀: "Ẹ̀rọ rí i pé ẹ máa ń jókòó jù. A ti dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́." Kò sí orúkọ ẹnì kankan nísàlẹ̀. Mo pe ọ̀gá mi, ó ní òun náà ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ ló pinnu.

Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ni, mo jókòó. Ta ni yóò dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹfúnwùmí ní Massè, tí yóò wà lórí ìdúró tí yóò máa pàṣẹ fún wọn? Àgbà tó ti ń gbin ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó bí mi! Wọn yóò bu omi fún mi, wọn yóò ròyìn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tán, kí wọ́n tó ní, "Ó dáa, wá wo ewé tó ń ká jọ yìí." Ìjókòó yẹn gan-an ni iṣẹ́ mi.

Kòkúmọ́, tó ń tẹ̀wé fún ará ìlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú wa, ló là mí lóye. Ó ní òfin ilẹ̀ wa tó ń dáàbò bo ohun tí wọ́n bá kọ pamọ́ nípa ẹni kò gbà kí ẹ̀rọ nìkan dáni lẹ́jọ́. Mo lè ní kí ènìyàn tún ọ̀rọ̀ mi yẹ̀ wò, kí n sì bèèrè gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa mi. A kọ lẹ́tà. Mo buwọ́ lù ú, mo sì fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé-iṣẹ́ rán Ọ̀gbẹ́ni Armand wá láti Àjàṣẹ́. Mo mú un lọ sí Massè. Orí ìdúró ló ti fẹ́ máa bèèrè ọ̀rọ̀, ni Ìyá Ẹfúnwùmí bá fa àpótí sí i. "Ọmọ mi, mi ò kì í bá ẹni tó dúró sọ̀rọ̀." Ó jókòó. Wọ́n bu omi fún un, wọ́n gbé ẹ̀pà fún un, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí wọn. Kí ó tó jẹ ẹ̀pà tán, fóònù ilé-iṣẹ́ tó wà lápò rẹ̀ dún. Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì nà án sí mi: ẹ̀rọ ń kìlọ̀ fún òun náà pé ó ti pẹ́ jù lójú kan!

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbà mí padà. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹ̀rọ lè sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ni yóò bi òṣìṣẹ́ léèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn, ẹ̀gbọ́n mi.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ bọ́ sí ẹjọ́ tí kò ní adájọ́. Yóò fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ yín, a ó sì fojú kanra láyọ̀.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin,
Wàsílátù

Àfikún: Ìwé tí mo bèèrè ti dé, ojú ewé mọ́kànlá. Gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ mi dé ló wà níbẹ̀, títí kan ilé kan ní Tatonnonkon tí mo yà sí ní ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́sàn-án léraléra, lẹ́yìn iṣẹ́. Èyí ò kàn wọ́n, mo sì ti ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ó kàn yín. Sàlámì ni orúkọ ọkùnrin tó ni ilé náà, gbẹ́nàgbẹ́nà ni, kò sì fi ìrun ṣeré. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bọ̀ wá rí Ìyá lẹ́yìn ààwẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá.