Lẹ́tà Karùn-ún sí Àbújá

Ọjọ́bọ̀, Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbì

Mo borí wọn! Tíì mi ti tutù, mi ò tiẹ̀ bìkítà.

Lẹ́tà mẹ́rin ni Àlàájì, alága àdúgbò wa, ti kọ sí Àbújá láti ìgbà tí tiransifọ́mà wa ti jó. Nípàdé tó kọjá, mo ní wọ́n ti tún òfin ilẹ̀ wa ṣe, pé ìpínlẹ̀ náà ti láṣẹ lórí iná báyìí.

“Jókòó, Tíṣà,” ni Àlàájì wí. “Ìjọba àpapọ̀ ló ni iná. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní sífíìkì, ẹ̀kọ́ nípa ìjọba! Mo gbé lẹ́tà tèmi lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìkẹjà.

Lọ́sàn-án òní, àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ gbé tiransifọ́mà tuntun dé. Àlàájì ń buwọ́ lu lẹ́tà karùn-ún lọ́wọ́ nígbà tí èmi pẹ̀lú wọn kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó wo ọkọ̀ wọn, ó wò mí. Kò tọrọ àforíjì. Ìyẹn ò sí lára rẹ̀.

“Tíṣà, ọ̀nà tó bàjẹ́ yìí ńkọ́? Ta ló ni ín?”

Ẹ̀rín pa mí. Ó na lẹ́tà náà sí mi, ó ní kí n fi dáná.

Kí n fi dáná kẹ̀? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń kọ èyí sí, lábẹ́ iná.