Ohun tí Ẹ Ń Fi sí Búrẹ́dì

Bàbá mi,

N kò kọ "ọ̀wọ́n" sí i, ẹ má wulẹ̀ wá a. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín ni inú ti ń bí mi sí yín, kò sì tíì rọ̀.

Ààrò búrẹ́dì yín ní Ìkìrun ti di ibùsùn ewúrẹ́. Búrẹ́dì ẹlòmíràn, tí wọ́n ń gbé wá láti Ìnísà, ni Màmá ń tà báyìí fún àwọn ará Òkukù tó jẹ́ pé tiyín ni wọ́n ń wá rà tẹ́lẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé yín lẹ fi lé èmi àti Màmá jáde kí ẹ tó po ìyẹ̀fun. Ẹ á ti ilẹ̀kùn, ẹ á máa súfèé. Ta lẹ rò pé ó fẹ́ jí àṣírí yín? Ìyàwó yín? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ̀yin ò tilẹ̀ ru tiyín, àwa lẹ gbé e rù.

Ìbàdàn ni mo wà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Èmi àti àwọn kan tí n kò rí rí, káàkiri ayé, la jọ ń to àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a ń fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Wáyà fóònù tó ń já lemọ́lemọ́ la fi ń kọ lẹ́tà síra wa. A ó kọ ìlànà bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kan yóò sì tẹ̀ lé e láti ṣe é fúnra rẹ̀. Láti orí òfìfo ló ń bẹ̀rẹ̀ nígbàkúùgbà: ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kò jọ yín.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀rọ yìí kọ̀ láti gba iṣẹ́ mi. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó ń lọ geere; lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó ń kùnà léraléra. Mo kọ lẹ́tà èébú sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jà kí n tó rántí pé nǹkan kan wà tí mo fọwọ́ ara mi tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà mi, tí n kò kọ fún ẹnikẹ́ni. Níbi tí mo ti ń wá a, mo gbọ́ tí mò ń súfèé. Ojú tì mí. Ẹ kú tán, ẹ tún fi èyí sílẹ̀ fún mi jogún.

Mo ti kọ ọ́ sínú ìlànà náà, mo sì ti bẹ ẹni tí mo bú. Bí mo bá kú lọ́la, ẹlòmíràn á lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, Màmá ṣì ń po ìyẹ̀fun díẹ̀. Wọ́n á dín ṣúgà kù, wọ́n á fi kún iyọ̀, wọ́n á yan án, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á sì dà á fún ewúrẹ́. Wọn ò bínú sí yín rárá. Wọ́n kàn fẹ́ jẹ búrẹ́dì yín lẹ́ẹ̀kan sí i ni.

Kí lẹ ń fi sí i?

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín tipátipá, tó ṣì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.