Ìbọn Tí Ẹ Ní Ẹ Ti Jù Sódò

Bàbá Ṣèyí,

Ẹ̀bà yín wà nínú kúlà.

Mo gbé àdá lọ pọ́n lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ Odígbó láàárọ̀ yìí. Ìbọn sójà bàbá yín ni mo bá níbẹ̀, èyí tí ẹ búra ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ ti jù sódò lẹ́yìn tí ọta rẹ̀ ba Olúwaníyì àbúrò mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti gbẹ́ ihò rẹ̀ fẹ̀ kó lè máa gba ọta ọdẹ, torí ọta sójà ò sí lọ́jà mọ́. Alágbẹ̀dẹ kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ìyàwó ọdẹ, ẹ kú àárọ̀."

Èmi àti Ṣèyí ti lọ sọ́dọ̀ Olúwaníyì. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ gbé ìbọn náà dání, kí ẹ sọ fún un fúnra yín. Àmín tiẹ̀ ló dún jù lọ́jọ́ tí ẹ búra.

Ìyá Ṣèyí