Bátìrì Inú Kọ̀ǹpútà

Bàbá Ìbejì,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà yín ò ya wèrè. Bátìrì kékeré tó ń bá a rántí aago ni ò ní nínú, òun ni aago tí ẹ bá tún ṣe fi ń padà sẹ́yìn bí ẹ bá ti pa á tí ẹ tún tàn án. Mo tú u láàárọ̀ yìí, mo bá ilé bátìrì lófìfo. Ìgbà yẹn ni mo rántí bátìrì tí ẹ ní ẹ “rí” fún rìmóòtù mọ́tò yín.

Mo ti dá a padà. Iyè kọ̀ǹpútà ti sọ, rìmóòtù ló kú, kò ní lè ṣí mọ́tò. Ẹ fẹsẹ̀ rìn lónìí, kí ẹ máa ro bí ẹ ó ṣe bẹ àwọn ọmọ tí ẹ ní kí wọ́n kúnlẹ̀ lánàá pé àwọn ló ń yí aago.

Èmi ìyá wọn.