Sísì Tí Pírínsípà Fún Bàbá Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, bàbá mi ló gbé àpótí mi dé ẹnu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì sọ fún pírínsípà pé alábàárù ni. Mo ti jẹ́wọ́. Mo rò pé tí mo bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, nǹkan kan máa ṣe mí... kò sí nǹkan tó ṣe mí.

Ọmọ Ọ̀tà ni mí. Télọ̀ ni bàbá mi, àwọn náà sì ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, tí wọ́n bá ti pe ìrun, gbogbo ilé ló ń gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tí èmi ń fẹ́ láyé ni dìgírì sáyẹ́ǹsì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà ní Èkó, ti ìjọ ni, kì í ṣe ti gọ́ọ́mẹ́ǹtì, tó ń múni sílẹ̀ fún ìdánwò dìgírì ti Lọ́ńdọ́nù. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn tàbí Látìnì ṣì lè ráyè, ṣùgbọ́n àga méjìlá péré ló wà nínú yàrá sáyẹ́ǹsì wọn, àwọn tó ń wá a sì pọ̀ bí eèrà. Mo yege ìdánwò, ó wá ku fọ́ọ̀mù. Ó ní kí bàbá ọmọ kọ orúkọ rẹ̀ àti ìjọ tó ti ṣèrìbọmi... ìjọ wo ni bàbá mi fẹ́ kọ? Bàbá Ìjọ kan wà ní Àtàn tí Bàbá máa ń ránṣọ fún. Bàbá fúnra wọn ló mú mi lọ bẹ̀ wọ́n, Bàbá rò pé onídùúró ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ń wá, torí pé wọn ò mọ òyìnbó kà, èmi ni mo ka fọ́ọ̀mù náà fún wọn, mo sì kà á bó ṣe wù mí. Mo ti fún ara mi lórúkọ inú Bíbélì, mo ti fi orúkọ Bàbá Ìjọ ṣe orúkọ ìdílé mi. Bàbá Ìjọ wò mí, wọ́n wo Bàbá, wọ́n sì buwọ́ lù ú níbi tí bàbá ọmọ yẹ kó buwọ́ lù. Bàbá mi ń dúpẹ́ ṣáá.

Lọ́jọ́ tí mo wọlé, agbádá ọdún Iléyá ni Bàbá wọ̀, wọ́n ru àpótí mi láti ibi tí lọ́rì já wa sí, wọ́n ní kí n má rù ú kí aṣọ mi má bàa rún. Pírínsípà fúnra rẹ̀ ló wà ní géètì, òyìnbó gíga kan, ó béèrè pé ta nìyí. Mo dá a lóhùn ní òyìnbó. Kò pẹ́ rárá kó tó jáde lẹ́nu mi. Ó kiwọ́ bàpò, ó fún Bàbá ní sísì kan, owó ẹyọ fàdákà, fún ẹrù tí wọ́n rù. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n ṣàdúrà fún un tayọ̀tayọ̀, wọ́n rò pé òyìnbó ń bá àwọn yọ̀ pé àwọn bímọ tó mọ̀wé ni. Wọ́n ròyìn ẹ̀ yí gbogbo Ọ̀tà ká. Wọn ò ná an.

Oṣù tó kọjá ni Bàbá kú, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ sì mọ̀ pé àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọ lọ́rì wá mi wá sí Èkó, ó dárúkọ mi, ó dárúkọ Bàbá. Akọ̀wé kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣí ìwé orúkọ ńlá, ó ní kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé títí, wọ́n ní kó máa lọ. Wọ́n ti sin Bàbá kí wọ́n tó kírun alásárì, mo sì rántí ibi tí mo wà ní wákàtí yẹn... mò ń fi òṣùwọ̀n wọn iyọ̀ nínú yàrá sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí mo délé ní Sátidé láti wá gba gàrí ni mo tó gbọ́. Àwọn ará ilé ń sunkún, ebi ń pa mí, mo jókòó, mo jẹun. Kò sẹ́ni tó bá mi jà. Màmá ní akọ̀wé yẹn ni kò mọṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n wá gbé fìlà tí Bàbá fi ń pe ìrun fún mi. Mo fọwọ́ kan nǹkan líle nínú ẹ̀. Bàbá ti rán sísì náà mọ́ ọn.

Fọ́ọ̀mù ìdánwò Lọ́ńdọ́nù ti dé báyìí. Orúkọ tí mo bá kọ síbẹ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ sórí ìwé ẹ̀rí dìgírì mi, òun náà ni mo máa jẹ́ títí mo fi máa kú. Tí mo bá kọ orúkọ Bàbá, kọ́lẹ́ẹ̀jì á mọ̀ pé mo purọ́ wọlé, wọ́n á lé mi, ẹlòmíì á jókòó sórí àga mi. Tí mo bá kọ ti Bàbá Ìjọ... akọ̀wé yẹn ò purọ́ nìyẹn, àbí? Kò sí ọmọ Bàbá níbẹ̀ lóòótọ́?

Mi ò tíì sunkún o, ẹ má káàánú mi. Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́. Sísì náà ló wà níwájú mi yìí. Ṣé kí n mú un padà lọ bá pírínsípà, kí n sọ fún un pé bàbá mi lẹni tó fún, kì í ṣe alábàárù? Àbí kí n rán an padà sínú fìlà, kí n máa kàwé mi lọ?